Nígbà tí Ọjà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì bá Tìlẹ̀kùn mọ́ Òǹtajà

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn baba wa fi ń ṣọ́ ọjà. Ní Atokoligbé, ní Bantè tàbí ní Savalou, bí ẹnìkan bá fẹ̀sùn òṣùwọ̀n èké kan ìyá tí ń ta gàrí, ohun tí ó yẹ ni pé kí a pè é, kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí a tó ní kí ó palẹ̀ igbá rẹ̀ mọ́.

Ọjà mìíràn ti dé báyìí, tí kò ní ìyálọ́jà tí a lè kúnlẹ̀ bẹ̀. Láti ọdún 2000 ni Amazon ti gba àwọn òǹtajà mìíràn láyè láti pàtẹ lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni ó sábà máa ń ṣọ́ wọn. Bí ẹ̀sùn àwọn oníbàárà bá tó 1 nínú 100 ọjà tí ènìyàn tà, àkáǹtì rẹ̀, èyí tí àwa ará Benin ń pè ní compte, wà nínú ewu. Bí wọ́n bá dá a dúró, kò lè tajà mọ́, wọ́n sì lè di owó tí ó ti pa mú fún 90 ọjọ́.

Òótọ́ ni pé oníjìbìtì pọ̀ nínú àwọn tí a ń tì mọ́ta. Ṣùgbọ́n aláìṣẹ̀ náà máa ń bá wọn lọ. Àwa Yorùbá Benin ní ìdí tiwa láti ṣọ́ra: orúkọ kan náà lè jẹ́ Adéṣínà nínú ìwé Yorùbá, kí ó sì jẹ́ Adéchina nínú ìwé ìbí. Lójú wa, ènìyàn kan ni. Lójú kọ̀ǹpútà tí ń fi ìwé wé ìwé, ó lè di méjì.

Àwọn òǹtajà Jámánì kò dákẹ́. Wọ́n gbé ẹ̀sùn lọ sí Bundeskartellamt, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó ìdíje láàárín àwọn oníṣòwò. Nígbà náà, Amazon lè lé ènìyàn lójú ẹsẹ̀ láìsọ ìdí. Ní oṣù keje ọdún 2019, ó gbà láti yí àdéhùn rẹ̀ padà: ìkìlọ̀ 30 ọjọ́ kí ó tó fòpin sí àdéhùn ní ọ̀nà tó wọ́pọ̀, àti àlàyé ìdí bí ó bá dá àkáǹtì dúró. Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù 2019/1150, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2020, sọ irú ààbò bẹ́ẹ̀ di ẹ̀tọ́.

Ta ni òfin náà ń dáàbò bò? Ọmọ wa tí ó fi ìdí òwò rẹ̀ kalẹ̀ sí Paris tàbí Lyon, tí ó ń tajà fún àwọn ará Yúróòpù, wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó jókòó sí Bantè kò sí níbẹ̀. Benin ní Code du numérique tirẹ̀ láti ọdún 2018, ó sì sọ̀rọ̀ lórí òwò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láti Savalou dé Seattle, níbi tí Amazon fìdí kalẹ̀ sí.

Nítorí náà, ẹni tí yóò bá pàtẹ síbẹ̀, kí ó rí i pé orúkọ rẹ̀ bára mu nínú gbogbo ìwé, kí ó sì pa ẹ̀rí ibi tí ó ti ra ọjà mọ́. Bí wọ́n bá tì í, kí ó má ṣe sáré ṣí àkáǹtì kejì, nítorí ìyẹn pàápàá lè di ẹ̀sùn tuntun. Kí ó kọ̀wé, kí ó sọ ohun mẹ́ta: ohun tí ó fa ẹ̀sùn, ohun tí ó ti tún ṣe, àti ohun tí kò ní jẹ́ kí ó tún ṣẹlẹ̀.

Ọjà náà fúnra rẹ̀ sì lè kógbá sílé, bí Jumia ti ti tirẹ̀ pa ní Cameroon àti Tanzania ní oṣù kọkànlá ọdún 2019. Ẹ jẹ́ kí a ná ọjà tuntun, ṣùgbọ́n kí a má palẹ̀ igbá ti ilé mọ́.