Ẹrẹ̀ Ìsàlẹ̀ Adágún Ẹja

Láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti fi owó tí wọ́n yá nínú ẹgbẹ́ gbẹ́ adágún ẹja sí oko, tàbí tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì mọ táǹkì sí ẹ̀yìnkùlé. Ìbéèrè tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn jù lọ kì í ṣe ti oúnjẹ tàbí ti ọjà. Ohun tí wọ́n ń bi wá ni pé, "Kí ló dé tí ẹja mi ń kú nígbà tí omi mi mọ́?" Ìsàlẹ̀ omi, níbi tí ojú kò tó, ni ìdáhùn máa ń wà lọ́pọ̀ ìgbà. Ìdí nìyí tí a fi ya ojú ewé yìí sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀.

Gbogbo ohun tí a bá dà sínú adágún tí ẹja kò jẹ, ìsàlẹ̀ ni ó ń lọ. Ibẹ̀ náà ni ìgbẹ́ ẹja ń lọ, pẹ̀lú ewé tí ó já bọ́ láti orí igi. Nínú èròjà amúnidàgbà tí ó wà nínú oúnjẹ, èyí tí ó ń di ẹran ara ẹja kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ìyókù a padà sínú omi. Bí ẹja bá ṣe ń tóbi tí oúnjẹ ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù tí ìsàlẹ̀ ń gbé ń wúwo sí i.

Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí a kò lè fi ojú rí ń gbé inú ẹrẹ̀ náà. Iṣẹ́ wọn ni láti jẹ ìdọ̀tí wọ̀nyí kí wọ́n sì sọ ọ́ di ohun tí kò lè pa ẹja lára. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn inú omi, èyí tí ẹja ń mí, ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ṣe dáadáa ń lò. Níwọ̀n ìgbà tí ẹrẹ̀ kò bá nípọn, ọ́síjìn ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ìdọ̀tí bá ti gorí ara wọn, kò lè dé ibẹ̀ mọ́. Kòkòrò mìíràn tí kò nílò ọ́síjìn a sì gba ipò wọn. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń mú kí ẹrẹ̀ dúdú bí èédú, tí wọ́n sì ń tú gáàsì kan jáde tí ó ń rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́. Gáàsì yìí ń pa ẹja, ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ sì tó láti ṣe é. Amóníà náà ń bẹ níbẹ̀, èyí tí ń ti ara ẹja fúnra rẹ̀ àti inú oúnjẹ tí ó jẹrà wá. Òun ni òórùn tí ń ta ni nímú nílé ìtọ̀.

Ẹja àrọ̀ máa ń tan olówó rẹ̀ jẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọlọ́run dá ohun kan sínú orí rẹ̀ tí ó fi lè gba afẹ́fẹ́ òkè omi sára. Epìyà kò ní irú rẹ̀. Nítorí náà, bí ọ́síjìn bá dín kù nínú omi, epìyà a kú, àrọ̀ a máa yọjú sókè gba afẹ́fẹ́, ẹni tí ó ni ín a sì rò pé àlàáfíà ni. Ṣùgbọ́n májèlé inú ẹrẹ̀ kò yọ àrọ̀ sílẹ̀. Kò ní jẹun dáadáa mọ́, kò ní tóbi, egbò a máa yọ sí i lára. Ìgbà náà ni a óò máa bú ẹni tí ó ta oúnjẹ àti ẹni tí ó ta ọmọ ẹja fún wa.

Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí ti jẹ nínú ìyà rẹ̀ rí. Ní 2013, èmi àti àwọn márùn-ún mìíràn nínú ẹgbẹ́ wa ya owó pa pọ̀, a sì gbẹ́ adágún kan. Ẹja àkọ́kọ́ ṣe dáadáa, àwọn oníbàárà jà á gbà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àtisan owó ń bọ̀, a sì wò ó pé gbogbo ọjọ́ tí adágún bá fi ṣófo, òfò ni. Ọjọ́ kẹta tí a kó ẹja tán ni a tún da omi lé orí ẹrẹ̀ tí ó mù wá dé ọrùn ẹsẹ̀, a sì kó ẹgbẹ̀rún ọmọ ẹja sí i. Àgbà kan nínú wa tí ó ti ṣe apẹja rí ní kí á jẹ́ kí ilẹ̀ náà rí oòrùn ná. A ní, "Baba, ayé ti yí padà." Nígbà tí ó di oṣù kẹta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ooru mú gidigidi, òjò ńlá kan rọ̀ lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹja ti léfòó káàkiri, funfun inú wọn ń wo òkè. Omi òjò tí ó tutù ni ó wọ inú omi gbígbóná, tí omi ìsàlẹ̀ fi ru sókè pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. A kò rí ẹni bú. Owó kòkó àti owó aṣọ ni a fi san gbèsè náà tán.

Ìgbà tí adágún bá ṣófo ni à ń ṣe iṣẹ́ gidi lórí ẹrẹ̀. Bí ẹ bá ti kó ẹja tán, ẹ fa omi rẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ dúdú tí ó rọ̀ kúrò. Ẹ má ṣe wa amọ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí omi jò lọ. Ẹ kó ẹrẹ̀ náà lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ajílẹ̀ ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí oòrùn pa ilẹ̀ náà. Ní ìgbà ẹ̀rùn, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ń tó. Ilẹ̀ yóò là káàkiri, ẹ óò sì lè rìn lórí rẹ̀ láìrì. Ẹ fi àdá gbẹ́ ẹ wò: bí abẹ́ rẹ̀ bá ṣì dúdú tí ó ń rùn, kò ì tíì tó. Afẹ́fẹ́ tí ń gba ojú ibi tí ó là wọlé ni yóò pa àwọ̀ dúdú náà dà. Gbígbẹ yìí tún ń pa ẹyin ọ̀pọ̀lọ́, ó sì ń tú àṣírí àrọ̀ tí ó sá pamọ́ sínú ẹrẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo tí ó bá ṣẹ́kù níbẹ̀ yóò máa fi ọmọ ẹja tuntun ṣe oúnjẹ òòjọ́.

Ilẹ̀ tí ó ti gbẹ ni à ń fọ́n láìmù sí. Láìmù oko ni òkúta ẹfun tí a lọ̀ kúnná, irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ńtì. Ó ń pa kíkan ilẹ̀, ara àwọn kòkòrò tí ń jẹ ìdọ̀tí a sì yá sí iṣẹ́. Fún adágún tí ó gùn ní mítà 20, tí ó fẹ̀ ní mítà 10, kílò 20 sí 40 ń tó bí ilẹ̀ kò bá kan jù. Ẹ fọ́n ọn ká ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi iná sun yàtọ̀: ó ń jó ọwọ́ àti ojú, kò sì gbọdọ̀ kan omi tí ẹja wà nínú rẹ̀. Ní ìgbà òjò tí ilẹ̀ kì í gbẹ, ẹ sáà kó ẹrẹ̀ kúrò, kí ẹ fọ́n láìmù oko sórí ilẹ̀ tútù náà, kí ẹ sì dúró fún ọ̀sẹ̀ kan kí omi tó wọlé.

Bí ẹja bá ti wà nínú omi, ẹ má ṣe da ẹrẹ̀ rú mọ́. Bí ẹ bá máa fi àwọ̀n ṣa àwọn tí ó ti tóbi, òwúrọ̀ ni kí ẹ ṣe é, kí ẹ má sì fún wọn ní oúnjẹ lọ́jọ́ tí ó ṣáájú. Nípa oúnjẹ, ẹ dúró ti ẹja kí ẹ wò wọ́n bí wọ́n ti ń jẹ. Ẹni tí ó bá da oúnjẹ sílẹ̀ tí ó yí ẹ̀yìn padà, ẹrẹ̀ ni ó ń bọ́.

Táǹkì onísìmẹ́ńtì kò ní ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí rẹ̀ kò yàtọ̀. Àwọn kan máa ń da yanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó lè jọ odò. A kò fara mọ́ ọn: oúnjẹ a máa há sáàárín yanrìn náà, yóò sì jẹrà síbẹ̀. Ẹ wá rọ́bà gígùn tí a fi ń bomi rin ọgbà, ẹ rọ omi kún inú rẹ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu méjèèjì. Ẹ ki ẹnu kan bọ ìsàlẹ̀ táǹkì, kí èkejì wà lóde níbi tí ó rẹlẹ̀. Bí ẹ bá ṣí ọwọ́, omi yóò máa fa ìdọ̀tí jáde fúnra rẹ̀. Ẹ rọra máa gbé ẹnu tí ó wà nínú omi kiri, ẹ má ṣe fi gbálẹ̀. Bí omi ẹ̀rọ tí ìjọba fi oògùn sí ni ẹ óò fi dípò rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ sun ìta mọ́jú.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn ìgbìmọ̀ tí ń yá ni lówó nínú ẹgbẹ́ wa. Ètò sísan owó tí ó bá ka oṣù mẹ́fà sí oṣù mẹ́fà gbáko kò fi àyè sílẹ̀ fún adágún láti gbẹ, òun ni ó sì ń lé ènìyàn sáré bí ó ti lé wa ní 2013. Ẹgbẹ́ tiwa ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kún ọjọ́ àwọn ọlọ́sìn ẹja, kò sì sí èlé lórí rẹ̀. A tún ra ẹ̀rọ ìfami kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó, kí ó kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ó tó kó ẹja, nítorí pé àwọn tí ń dúró dè é ní ìgbà ẹ̀rùn máa ń pọ̀.