Beaufort àti Parris Island: Ìtọ́nà fún Ẹni Tó Ń Rìnrìn-àjò Nínú RV (Ọkọ̀ Tí A Ń Sùn Nínú Rẹ̀)

Ibi tó wà. Etíkun ìpínlẹ̀ South Carolina ni Beaufort wà, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láàárín Charleston àti Savannah. Ọdún 1711 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Ẹni tó bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ I-95 yóò yà ní àbájáde 33, yóò gba US 17 títí dé US 21. Ọ̀pọ̀ òbí ń lọ síbẹ̀ torí ọmọ wọn tó ń parí ẹ̀kọ́ ológun ní Parris Island, erékùsù tó wà nítòsí. A bẹ̀ yín, ẹ má kàn pàtẹ́wọ́ fún ọmọ kí ẹ sì máa lọ. Ilẹ̀ yìí wà lára ibi tí àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú ti kọ́kọ́ di olómìnira nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà.

Ìlú náà. Ní oṣù kọkànlá 1861, ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gba Port Royal, èbúté tó wà nítòsí Beaufort. Àwọn olóko sá, wọ́n fi àwọn ẹrú sílẹ̀. Nígbà tó di 1862, ilé ẹ̀kọ́ Penn ti ń kọ́ àwọn èèyàn náà ní ìwé ní erékùsù St. Helena, ọgbà rẹ̀ ṣì wà fún àlejò. Ọdún yẹn kan náà ni Robert Smalls, ẹrú tí wọ́n bí ní Beaufort ní 1839, wa ọkọ̀ ojú omi Planter jáde ní Charleston lóru. Ó kó ẹbí rẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá níwájú àgbá ogun. Lẹ́yìn náà, ó ra ilé olówó rẹ̀ ní Prince Street, ó sì di aṣòfin ní Washington.

Àgọ́ ológun. Láti 1915 ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ogun Marine tuntun ní Parris Island. Ọ̀sẹ̀ 13 ni ẹ̀kọ́ náà. Ọjọ́bọ̀ ni ẹbí sábà máa ń rí ọmọ, tí ayẹyẹ á sì wáyé ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀, ìwé ọkọ̀ àti ìwé ìbánigbófò dání. Ẹ má gbé ìbọn wá. Ẹ tún wo ibi tí ìlú Santa Elena wà tẹ́lẹ̀ ní erékùsù náà, èyí tí àwọn ará Sípéènì tẹ̀ dó ní 1566, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ ní 1587.

Ibùdó RV. Ọgbà ìjọba ní Hunting Island, nǹkan bí máìlì 16 sí Beaufort, ní omi àti iná fún RV. Ẹ tètè gba àyè. Ẹ̀ka igi rọ̀ sílẹ̀ lójú pópó àtijọ́, nítorí náà ẹ fi RV sí ibùdó, kí ẹ fi ọkọ̀ kékeré wọ ìlú. Afárá Woods Memorial máa ń ṣí fún ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń dá ìrìn dúró. Afárá McTeer ga, kì í ṣí.

Ìgbà. Oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ló tura jù. Ìgbà ìjì òkun máa ń bẹ̀rẹ̀ ní June 1, ó sì máa ń parí ní November 30. Bí ìjọba bá ní kí ẹ kúrò, ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀yọ́túnjí. Nítòsí Sheldon, lẹ́bàá US 17, ni abúlé Yorùbá tí Ọba Oseijeman Adefunmi, ọmọ bíbí Detroit, tẹ̀ dó ní 1970 wà. Ní 1981, Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé fi í joyè ní Ilé-Ifẹ̀. Ààfin àti ojúbọ òrìṣà wà níbẹ̀. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, kí ẹ mọ àkókò àti owó ìwọlé. Bí ẹ bá dé, Yorùbá ni kí ẹ fi kí wọn.