Bíréèkì Ọwọ́ tàbí Ìdákọ̀ró: Orúkọ Ohun-èlò Kan àti Ìlò Rẹ̀

Nínú gbogbo ohun-èlò inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, bóyá ni ọ̀kan wà tí àwọn tí ń lò ó kò fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí tó èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní hánbíréèkì. Àwọn kan wà tí wọn kì í fi ọwọ́ kàn án láti ọdún dé ọdún. Wọn a dúró, wọn a ti jíà sí ipò ìdúró, wọn a pa ẹ́ńjìnnì, wọn a sì bọ́ sílẹ̀. Àwọn mìíràn kò jẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láìfà á, ìbáà jẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Iyàn náà ti pẹ́, ó sì jọ pé ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì lásán ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé orúkọ tí ènìyàn bá pe ohun-èlò ni ó sábà máa ń sọ fún un nípa ìgbà tí ó yẹ kí ó lò ó.

Bíréèkì méjì ni ó wà nínú ọkọ̀. Èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ gbára lé ọ́ìlì bíréèkì. Ọ́ìlì yìí ni ó ń gbé agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ dé ibi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èkejì kò ní í ṣe pẹ̀lú ọ́ìlì náà. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, wáyà onírin ni ó ń lò: bí awakọ̀ bá fa ọ̀pá rẹ̀ sókè, wáyà náà yóò fa irin tí ó wà nínú bíréèkì táyà ẹ̀yìn, bíréèkì yóò sì fún táyà náà pinpin. Eyín kéékèèké tí ó wà ní ìdí ọ̀pá ni kì í jẹ́ kí ó padà sílẹ̀. Ìró wọn ni etí ń gbọ́ nígbà tí ọ̀pá bá ń gòkè. Nítorí náà, bí ọ́ìlì bíréèkì bá tilẹ̀ jò tán pátápátá, èyí yóò ṣì di ọkọ̀ mú.

Kí wá ni ìdí tí àwọn kan kì í fi í lò ó? Èsì tí ó wọ́pọ̀ jùlọ ni ti àwọn tí ń wa ọkọ̀ ọ̀tòmátíìkì, pé bí jíà bá ti wọ P, ọ̀rọ̀ parí. Ó yẹ kí irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí P jẹ́. Irin kékeré kan ni, tí kò tóbi púpọ̀ ju ìka ọwọ́ lọ, tí í bọ́ sí àárín eyín òrùka onírin kan nínú àpótí jíà. Bí ọkọ̀ bá wà lórí ìdagẹ̀rẹ́, bí ẹni pé lójú ọ̀nà tí ó gun òkè Màpó ní Ìbàdàn tàbí ní àwọn àdúgbò olókè Abẹ́òkúta, irin kékeré yìí nìkan ni gbogbo ìwúwo ọkọ̀ yóò rọ̀ mọ́. Àwọn awakọ̀ mọ àmì rẹ̀ bí wọn kò tilẹ̀ mọ ìdí rẹ̀: ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, jíà yóò le láti yọ, yóò sì dún gbàù bí ó bá yọ. Irin tí a ń fi tipátipá fà kúrò lábẹ́ ẹrù ni ó ń dún bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí ó tọ́ kò gba àsìkò rárá. Kí awakọ̀ tẹ bíréèkì ẹsẹ̀, kí ó ti jíà sí N, kí ó fa bíréèkì ọwọ́, kí ó wá rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò kí ọkọ̀ lè fi ìwúwo rẹ̀ ti bíréèkì náà. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó ti jíà sí P. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ lọ sí P kí ó tó fa bíréèkì ti gbé ẹrù lé irin kékeré yẹn ná. Ti ọkọ̀ tí awakọ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí jíà kò yàtọ̀ púpọ̀: kí ó fa bíréèkì, kí ó sì fi ọkọ̀ sí jíà kìíní bí ó bá kọjú sí òkè, tàbí sí rìfáàsì bí ó bá kọjú sí ìsàlẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí ó bani nínú jẹ́ jùlọ nípa gbígbára lé jíà nìkan wá láti Amẹ́ríkà, níbi tí ọkọ̀ ọ̀tòmátíìkì ti gbilẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, jíìpù ara rẹ̀ ni ó pa Anton Yelchin, òṣèré sinimá ọmọ ọdún 27, ní ìlú Los Angeles. Ọ̀nà tí ó wọ ilé rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ náà yí tọ̀ ọ́ wá, ó sì fún un mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà. Ní oṣù kẹrin ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ti kéde pé kí wọ́n dá àwọn ọkọ̀ kan tí ó ní irú ọwọ́ jíà bẹ́ẹ̀ padà fún àtúnṣe. Iye wọn lé ní mílíọ̀nù kan. Ọwọ́ jíà wọn a máa padà sí ààyè kan náà lẹ́yìn tí awakọ̀ bá tì í tán, ó sì ṣòro láti mọ̀ bóyá ó ti wọ P tàbí kò wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó gbójú lé P nìkan, ohun kan ṣoṣo ni ó gbójú lé.

Àwọn mẹkáníìkì kan a máa kìlọ̀ fún oníbàárà wọn pé, “Ẹ má fà á o, yóò gán.” Òótọ́ ni pé ó lè gán. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń gán jùlọ ni èyí tí a kì í lò: ìpẹtà ti mú wáyà nínú ọ̀rá tí ó bò ó, ọjọ́ tí a bá sì fà á, kò ní padà mọ́. Ìmọ̀ràn náà ni ó ń bí àrùn tí ó ń bẹ̀rù. Ibi tí ó ti tọ̀nà kò ju méjì lọ. Bí ọkọ̀ yóò bá wà ní ojú kan fún oṣù púpọ̀ nígbà òjò, igi tàbí òkúta tí a fi há táyà dára ju bíréèkì lọ (ẹni tí ó fi òkúta há táyà lójú títì kí ó má ṣe gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fún ẹlòmíràn). Èkejì jẹ́ ti ilẹ̀ òtútù, níbi tí omi ti lè dì nínú wáyà. Ọyẹ́ ilẹ̀ Yorùbá, bí ó ti wù kí ó mú tó, kò dé ibẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, tí òtútù rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ìwé òfin ìrìnnà wọn sọ ọ́ di dandan pé kí awakọ̀ fa bíréèkì yìí kí ó tó fi ọkọ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó kù. Nígbà tí Èdè Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó dojú kọ. Àwọn mẹkáníìkì àti awakọ̀ ni ó ti ń sọ inú ọkọ̀ lórúkọ láti ìgbà pípẹ́, iṣẹ́ wọn kò sì burú. Jíà, táyà àti bíréèkì ti di ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n bíréèkì ọwọ́ ń sọ ẹ̀yà ara tí a fi ń lò ó, kò sọ iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá, ẹsẹ̀ òsì ni a fi ń tẹ̀ ẹ́. Nínú àwọn tuntun, bọ́tìnnì lásán ni. “Bíréèkì ọwọ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ lè sọ níwájú ọmọ ilé-ìwé kí wọ́n má rẹ́rìn-ín.

Bíréèkì pàjáwìrì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ti ń pè é, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń sọ fún awakọ̀ pé kí ó fi í pamọ́ de ọjọ́ ewu, ọjọ́ ewu náà ni yóò sì bá a pé ó ti gán. Àwọn kan ń lo ìjánu fún bíréèkì. Ó bá ti ẹsẹ̀ mu gan-an, nítorí pé ẹṣin tí ń sáré ni a ń fi ìjánu dá dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ wọlé lọ jẹun a máa fi okùn so ẹṣin rẹ̀ mọ́ èèkàn.

Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀ lórí omi. Ìdákọ̀ró ni ohun tí í dá ọkọ̀ ró, ọkọ̀ tí ó sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí omi bọ́ sórí ilẹ̀ láti ìgbà tí mọ́tò ti dé. Ọlọ́kọ̀ ojú omi kì í dúró de ìjì kí ó tó sọ ìdákọ̀ró sílẹ̀. Ibi tí ó bá ti fẹ́ fi ọkọ̀ sílẹ̀ ni ó ti ń lò ó. Bíréèkì ìdákọ̀ró, tàbí ìdákọ̀ró nìkan níbi tí kò bá sí àṣìmú, yóò kọ́ awakọ̀ ní ìlò rẹ̀ láìsí àlàyé.

Ìṣòro kan wà síbẹ̀, ti ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Lórí omi, ẹni tí ó sọ ìdákọ̀ró sílẹ̀ dá ọkọ̀ dúró, ẹni tí ó gbé e sókè sì ti ṣetán láti lọ. Nínú mọ́tò, òdì kejì ni: ẹni tí ó gbé ọ̀pá sókè ni ó dá ọkọ̀ dúró. Bí olùkọ́ awakọ̀ bá wí pé, “Gbé ìdákọ̀ró sókè,” lórí ìdagẹ̀rẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ méjì lè ṣe ohun méjì, ọ̀kan nínú wọn yóò sì yí lọ sẹ́yìn. Ó sàn kí a fi òkè àti ilẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, kí a máa wí pé “fi ìdákọ̀ró dè é” àti “tú ìdákọ̀ró”, èyí tí yóò bá ọ̀pá, ẹsẹ̀ àti bọ́tìnnì mu bákan náà.