Bárakú Oògùn Olóró: Ẹ Má Tètè Mú Ọmọ Kúrò Nílé Ìwòsàn

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti ẹrù tó wọ́n. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni, torí ọmọ la ṣe ń jí lọ sọ́jà ní ìdájí.

Gbogbo wa la mọ̀ pé nǹkan yìí ti wọ àárín wa. Ìjọba ti fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ oníkódíìnì láti 2018, síbẹ̀ ẹni tó bá ń wá oògùn olóró kì í wá a jìnnà. Igbó wà ní gáréèjì, páragà wà lórí àtẹ láti àárọ̀ kùtù. Alábàárù ń gbé tramadol mì kí ẹrù má bàa wúwo lórí ẹ̀. Ìwádìí tí àjọ UNODC gbé jáde ní 2019 fi hàn pé láàárín ọdún kan, bíi mílíọ̀nù 14 èèyàn ló lo oògùn olóró ní Nàìjíríà. Nínú mẹ́rin wọn, ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má nàka sí ìyá ọlọ́mọ.

Kí ló dé tí kò fi lè jáwọ́?

Àwọn kan á ní, "Tó bá wù ú, á fi í sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Tí oògùn bá ti di bárakú, ó ti yí iṣẹ́ ọpọlọ padà. Ara á máa béèrè ẹ̀ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń béèrè omi. Ìdí nìyẹn tí ìwòsàn ẹ̀ fi ní ìpele mẹ́ta.

Èkíní ni kí oògùn kúrò lára. Èyí lè gba ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ méjì. Ara á máa gbọ̀n, oorun ò ní í wá. Ẹni tó ti ń mutí gan-an lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì nílé o. Gìrì lè mú un, ó sì lè gbabẹ̀ kú. Ẹ jẹ́ kí dókítà wà nídìí ẹ̀.

Èkejì ni kíkọ́ bí a ṣe ń gbé ayé láìsí oògùn: kí ló ń tì í síbẹ̀, ọ̀rẹ́ wo ló yẹ kó sá fún, iṣẹ́ wo ni yóò máa ṣe. Àwọn onímọ̀ sọ pé tí ìtọ́jú bá kéré sí 90 ọjọ́, kì í sábà ràn.

Ẹ̀kẹta ni ti ilé: lílọ rí dókítà lóòrèkóòrè, fún oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn fún ọdún.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ọmọ ti sanra, ojú ẹ̀ ti mọ́. Á ní, "Màámi, ara mi ti yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ìyá á wo owó tó ń jáde, á wo ìsọ̀ tó wà ní títì, á bá mú un lọ sílé. Ìpele kìíní nìkan ló parí yẹn o! Ewu ńlá sì wà níbẹ̀. Ara tó ti simi kò lè gba ìwọ̀n tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Tó bá padà gbé iye tramadol tó ń lò látijọ́ mì, ó lè sun oorun àìjí.

Ẹlòmíràn á parí ìtọ́jú, síbẹ̀ á tún padà sídìí ẹ̀. Nínú 100, ó máa ń tó 40 sí 60. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru náà ṣe rí nìyẹn: tí aláìsàn bá pa oògùn tì, àìsàn á tún gbérí. A kì í torí ẹ̀ lé e jáde nílé. Ẹ tètè mú un padà lọ.

Ibo la lè gbé e lọ?

Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábàá, l'Ékòó; ọ̀kan wà ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta. Wọ́n ń tọ́jú bárakú níbẹ̀. Ní Àrò yìí ni Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1954: aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé, ẹbí ẹ̀ kan sì ń bá a gbé ibẹ̀. Ó mọ̀ pé ìwòsàn kì í ṣe iṣẹ́ dókítà nìkan.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ilé tí wọ́n ti ń de èèyàn mọ́lẹ̀. Ní November 2019, ọlọ́pàá kó èèyàn tó lé ní 250 jáde nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Òjóò, n'Íbàdàn. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kì í wo bárakú sàn.

Ohun tí a lè ṣe

Kí ẹ tó gbà á wọlé, ẹ béèrè iye oṣù tí ìtọ́jú máa gbà àti iye tí gbogbo ẹ̀ máa jẹ́. Ẹ ya àjọ kan sọ́tọ̀ fún un, bí ẹni ń dáwó ọjà. Tó bá dé, ẹ má fi owó ńlá sí i lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì dá a padà sí gáréèjì tó ti bẹ̀rẹ̀. Àwa tí ìsọ̀ wa gbè é, ẹ jẹ́ ká bá ìyá ẹ̀ tajà lọ́jọ́ tó bá lọ wo ọmọ, kó má bàa jẹ́ pé ìsọ̀ títì ló mú un já ìtọ́jú sáàárín. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹni tó ń ṣe àjọ kì í fi ọjọ́ mẹ́ta kó owó oṣù. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ pé. A ò ní í fi ọmọ sunkún o. Àṣẹ.