Àtúnṣe Ìdí Ọkọ̀ Fáíbà tí A ti Gé: Àpẹẹrẹ Etíkun Awoye

Etí Òkun Àtìláńtíìkì ni Awoye wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Omi ni ọ̀nà tí àwọn ará ibẹ̀ ń gbà lọ sí Igbókòdá, ìbáà ṣe ọjà ni wọ́n fẹ́ ná, ìbáà ṣe aláìsàn ni wọ́n ń gbé lọ. Nítorí náà, ọ̀ràn ẹ̀mí ni àtúnṣe ọkọ̀ jẹ́ níbẹ̀. Àwọn agbẹ́kọ̀ Ìlàjẹ mọ ọkọ̀ pákó dájú. Wọ́n mọ bí a ti ń yọ pákó tí ó jẹrà, tí a ń fi òmíràn dípò rẹ̀. Ọkọ̀ fáíbà kò gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, nítorí pé ara rẹ̀ kò ní oríkèé. Odidi kan ni.

Fọ́nrán gíláàsì tín-ín-rín ni a ń tẹ́ ní ìpele-ìpele, tí a ń fi résìn rin títí yóò fi gan. Ọdún 1953 ni ilé-iṣẹ́ Chevrolet ní Amẹ́ríkà gbé Corvette jáde, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ eré tí ó jẹ́ pé fáíbà ni wọ́n fi ṣe bọ́dì rẹ̀. Àwọn tí ń tún irú ọkọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe a máa bá ìṣòro kan pàdé: ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ ti gé ara rẹ̀ lókè táyà kí táyà ńlá lè wọlé, ó sì di iṣẹ́ ẹlòmíràn láti dá a padà sí bí ó ti wà. Ìṣòro kan náà ni ti ọkọ̀ ojú omi tí a gé ní ìdí; ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé títì kì í ya wọ inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Kí ni ó ń fa gígé náà? Ẹ̀rọ tí a ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ ní oríṣi méjì tí ó wọ́pọ̀: ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, fún ìdí tí ó ga ní íńṣì 15, àti ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, fún íńṣì 20. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú ni ọlọ́kọ̀ rí rà, tí ìdí ọkọ̀ rẹ̀ sì ga, abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ kò ní rì tó nínú omi. Yóò mú ayùn, yóò gé íńṣì 5 kúrò. Láti ọjọ́ náà, bí atukọ̀ bá dẹwọ́ eré lójijì, ìgbì tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ lè gba ẹ̀yìn wọlé. Ewu kejì fara sin. Pláíwúùdù ni ó sábà máa ń wà láàárín fáíbà ìdí ọkọ̀. Gígé ti ṣí i sílẹ̀, omi yóò sì máa wọ̀ ọ́ títí yóò fi rà. Ojú kò lè rí i. Bí a bá fi èèkù òòlù kàn án, tí ó dún bọ̀ọ̀ dípò kí ó dún gan-an, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Àtúnṣe tí ó yá jù ni kí a kan pákó mọ́ ọn, kí a fi bọ́dìfílà dí àlàfo, kí a sì kùn ún. Ẹ̀tàn ni. Bọ́dìfílà kò ní fọ́nrán nínú, ó sì ń fa omi. Ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo agbára ẹ̀rọ ti ń ti ọkọ̀.

Ohun tí ó yẹ ni pé kí a yọ pláíwúùdù tí ó rà, kí a fi omi tútù fọ iyọ̀ òkun kúrò, kí ó sì gbẹ délẹ̀délẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó họ etí fáíbà àtijọ́ kí ó fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀: bí ó bá nípọn ní ìlọ́po kan, kí ìdàgẹ̀rẹ̀ náà gùn ní ìlọ́po 12. Èyí ni pé fáíbà tí ó nípọn ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà yóò gba ìdàgẹ̀rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 6. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ka èyí sí àṣejù. Ṣùgbọ́n résìn àtijọ́ ti gan tán. Tuntun kò lè yọ́ mọ́ ọn bí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni a dà wọ́n, ojú rẹ̀ nìkan ni yóò dì mú. Bí ojú ìdìmú náà bá ti fẹ̀ tó ni agbára oríkèé tuntun ṣe pọ̀ tó. Ẹpọ́kísì a máa dì mọ́ fáíbà àtijọ́ ju pọliẹ́sítà lọ, bí ó tilẹ̀ wọ́n. Kí ẹni tí ń họ ọ́ bo imú, nítorí eruku gíláàsì.

Bí ìdí bá ti padà sí íńṣì 20, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú kò ní bá a mu mọ́. Ọlọ́kọ̀ tí kò lè pààrọ̀ ẹ̀rọ lè fi ìdí sílẹ̀ ní íńṣì 15 lẹ́yìn tí a bá ti pààrọ̀ pláíwúùdù rẹ̀, kí a wá fi fáíbà mọ ògiri tí ó ga síwájú ẹ̀rọ, láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, kí a sì lu ihò sí ìsàlẹ̀ àlàfo náà tí omi yóò máa gbà jáde sẹ́yìn.