Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Nínú Àjọ Tí Ń Jà fún Ẹ̀tọ́ Ayálégbé ní Amẹ́ríkà

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn àjọ aládàáni tí kì í wá èrè ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀sùn àwọn tí a fi ilé dù nítorí àwọ̀ ara, ẹ̀sìn, ìlú abínibí, àìlera tàbí ọmọ wẹ́wẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ òfin tí ó wá fi oṣù díẹ̀ kọ́ṣẹ́, wà lára àwọn tí ń gbé fóònù níbẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ olùfisùn sílẹ̀: ọjọ́ tí ó lọ wo ilé, ẹni tí ó bá pàdé, iye owó tí wọ́n pè fún un. Àkọsílẹ̀ yìí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, nítorí ọdún kan péré ni òfin fún ẹni tí yóò gbé ẹ̀sùn lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé, ọdún méjì sì ni ti ẹni tí yóò lọ sílé ẹjọ́. Bí a bá ṣi ọjọ́ kọ, ẹ̀tọ́ olùfisùn lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ààrẹ Lyndon Johnson buwọ́ lu òfin yìí, èyí tí ó kọ̀ ojúsàájú nínú ọ̀rọ̀ ilé, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1968, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King, ṣùgbọ́n títí di ọdún 1988, ìpẹ̀tùsáàárín ni agbára iléeṣẹ́ ìjọba mọ, èyí tí ó mú kí wíwá ẹ̀rí já lé àwọn àjọ aládàáni léjìká.

Ẹ̀rí náà sì ṣòro rí. Onílé tí kò fẹ́ aláwọ̀ dúdú kì í sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Pẹ̀lú ọ̀yàyà ni yóò fi sọ pé wọ́n ti gba ilé náà lánàá. Lórí fóònù pàápàá, ohùn ẹnu tó láti sọ ibi tí ènìyàn ti wá, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń wá ilé ní Houston tàbí Maryland ti mọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àjọ fi ń lo olùdánwò, ìyẹn ẹni tí ó ń ṣe bí ẹni tí ń wá ilé, tí kò sì ní gbà á. Ènìyàn méjì tí owó oṣù, iṣẹ́ àti ìdílé wọn jọra lórí ìwé, tí ó jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n, yóò lọ bá onílé kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, oníkálukú yóò sì kọ ohun tí ó rí àti ohun tí wọ́n sọ fún un láìmọ ohun tí ẹnì kejì bá pàdé.

Àwọn onílé kò yé sọ pé ìdẹkùn ni èyí, àti pé ẹni tí ó purọ́ wọlé kò yẹ kó máa wá òtítọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dáhùn ní ọdún 1982 pé olùdánwò aláwọ̀ dúdú tí wọ́n parọ́ fún lè pẹjọ́, bí kò tilẹ̀ ní í lọ́kàn láti gba ilé, nítorí pé òfin kọ̀ kí a parọ́ àìsí ilé fún ẹnikẹ́ni tìtorí àwọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n aláwọ̀ funfun tí wọ́n sọ òtítọ́ fún kò ní irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ lójú òfin, síbẹ̀ kò yanjú ìbéèrè tí ó le jù, ìyẹn bóyá ẹni tí ó ti ń retí ojúsàájú kò ní rí i níbi tí kò sí. Nítorí èyí ni àjọ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi í sọ ẹ̀sùn tí ó wà nílẹ̀ fún olùdánwò, kì í sì í jẹ́ kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ó gbọ́ ẹkún olùfisùn lórí fóònù jẹ́ ẹni tí yóò dá nìkan fi ìwé àwọn olùdánwò wéra. Àjọ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ kì í rí ẹni pín iṣẹ́ náà fún bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni iyèméjì yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí irọ́ olùdánwò.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Olùdánwò máa ń gba owó díẹ̀ lórí ìdánwò kọ̀ọ̀kan, ohunkóhun tí ó wù kó rí, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí òfin owó iṣẹ́ gba kí ènìyàn yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún àjọ tí kì í wá èrè. Àwọn àjọ ní owó ìrànwọ́ ìjọba tí àwọn ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́ kò tó, èyí kì í sì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru kí wọ́n tó rí owó ilé san kò lè fi oṣù mẹ́ta gbé Washington láìgba kọ́bọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí a fi ilé dù rí fi ń ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn tí ń kọ́ bí a ṣe ń gbèjà wọn. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìrírí ni wọ́n ń fi san owó iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ onílé kì í gba ìrírí dípò owó ilé. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ òfin kan ti ní àpò owó tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lọ kọ́ irú iṣẹ́ yìí nígbà ìsinmi, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí ó lówó ni àpò náà ti máa ń kún.