Bí A Ṣe Ń Wo Fọ́tò Àwọn Ṣọ́ọ̀ṣì Norfolk

Bí ẹ bá rí fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ilé agogo rẹ̀ rí roboto dípò kó ní igun mẹ́rin, àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ Norfolk ni wọ́n ti yà á. Etí òkun ni Norfolk wà, ní ìlà oòrùn ilẹ̀ náà. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó wà níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn ti wà kó tó di ọdún 1500, lé ní 600. Àwọn tó ní ilé agogo roboto nínú wọn lé ní 120. Fọ́tò wọn kún inú ìwé àti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ibi tó yẹ kí ojú òun bà yóò kàn wò ó kọjá ni.

Ara ògiri ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Norfolk, kò sí òkúta tó ṣeé gé sí igun mẹ́rin. Òkúta ìbọn ló kún ilẹ̀ rẹ̀, èyí tó máa ń ṣáná bí a bá fi irin lù ú. Ó le gan-an, ó rí kugúkugù bí atalẹ̀, ara rẹ̀ funfun, inú rẹ̀ dúdú. Àwọn mọlémọlé a máa ṣà á lóko, wọ́n á wá fi iyanrìn àti ẹfun tí wọ́n sun tò ó lé ara wọn. Bí ògiri bá ń lọ gbọọrọ, kò sí wàhálà. Igun ni ìṣòro. Ẹni tó bá fẹ́ igun tó gún régé ní láti ra òkúta gidi láti ọ̀nà jíjìn, kó sì sanwó ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé e wá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sọ pé àwọn ará abúlé kọ́ ilé agogo wọn ní roboto: níbi tí kò bá ti sí igun, kò sí òkúta tí à ń rà. Àwọn onímọ̀ kan kò fara mọ́ ọn tán. Wọ́n ní àṣà àwọn ará etí òkun náà ni, torí irú ilé agogo bẹ́ẹ̀ wà ní àríwá Jámánì pẹ̀lú. Lójú tèmi, kò sí ohun tó ní kí méjèèjì má jọ jẹ́ òótọ́.

Ẹni tó lówó lọ́wọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Herbert de Losinga bẹ̀rẹ̀ kàtídírà Norwich, olú ìlú Norfolk, ní 1096, láti Caen ní ilẹ̀ Faransé ló ti ń kó òkúta gba orí òkun. Ṣóńṣó orí kàtídírà yẹn ga tó mítà 96. Ti Salisbury nìkan ló ga jù ú lọ ní England.

Níbo wá ni owó abúlé ti wá, tí irú abúlé kékeré bíi Salle fi ní ṣọ́ọ̀ṣì ràgàjì bẹ́ẹ̀? Ara àgùntàn ni. Irun àgùntàn àti aṣọ tí wọ́n ń fi í hun ló sọ àwọn oníṣòwò Norfolk di olówó. Nígbà yẹn, ìjọ ń kọ́ni pé àdúrà àwọn tó wà láàyè lè dín ìyà òkú kù. Nítorí náà, olówó tó bá fẹ́ kú a fi owó sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n má baà gbàgbé orúkọ rẹ̀. Irú owó bẹ́ẹ̀ ló ń di òrùlé, fèrèsé àti àwòrán ẹni mímọ́. Ní Knapton, òrùlé onígi tí wọ́n ṣe ní 1504 ní áńgẹ́lì lé ní 130, tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀ tìyẹ́tìyẹ́. Bí wọ́n bá fi fọ́tò rẹ̀ hàn yín, ẹ má kánjú.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí padà. Ní 1538, ìjọba Ọba Henry Kẹjọ wó ojúbọ Màríà ní Walsingham, níbi tí àwọn ọba fúnra wọn ti máa ń rìnrìn àjò ìsìn lọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, àṣẹ dé pé kí wọ́n kó ère àti àwòrán kúrò ní gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá rí ihò lára ògiri tí kò sí ère nínú rẹ̀, tàbí ẹni mímọ́ tí wọ́n ti ha ojú rẹ̀ dànù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ àkókò yẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn jù lójú mi ni Binham. Pákó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń pín ibi tí ìjọ jókòó sí kúrò lára ibi pẹpẹ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti ya àwọn ẹni mímọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí àṣẹ dé, wọ́n kun gbogbo rẹ̀ ní funfun, wọ́n sì kọ ẹsẹ Bíbélì sí i ní lẹ́tà dúdú. Ọ̀dà funfun yẹn ti ń bó báyìí. Nínú fọ́tò, ẹ ó rí ojú èèyàn tó ń yọ láàárín lẹ́tà, Jésù pẹ̀lú àwọn ọgbẹ́ rẹ̀ sì wà lára wọn. Ẹ̀sìn àtijọ́ àti ẹ̀sìn tó gba ipò rẹ̀ wà lórí pákó kan ṣoṣo.

Ohun tí wọ́n fi bo àwòrán mọ́lẹ̀ yìí náà ló ń dáàbò bò ó. Ní Houghton-on-the-Hill, ṣọ́ọ̀ṣì kan ti di igbó pátápátá nígbà tí Gloria Davey rí i ní 1992. Bob ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán igbó náà, ó sì tún ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣe. Bí ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ṣe ń ṣí, àwòrán tó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1090 fara hàn lábẹ́ rẹ̀, ó sì wà lára èyí tó pẹ́ jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Fọ́tò fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ti di ìtàn. Láti 1931 ni ayàfọ́tò kan, George Plunkett, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì Norwich. Ní 1942, bọ́ǹbù Jámánì ba púpọ̀ jẹ́ nínú wọn. Ó kan ṣọ́ọ̀ṣì St Julian, níbi tí Julian ti Norwich ti gbé, obìnrin àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó kọ ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti tún un kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Norwich ti ṣe rí kí ogun tó dé, fọ́tò Plunkett ni yóò wò.

Norfolk kan àwa Yorùbá náà. Ibẹ̀, ní Northrepps, ni Thomas Fowell Buxton ń gbé, aṣòfin tó gba ìdarí ìjà òmìnira àwọn ẹrú lọ́wọ́ William Wilberforce tó ń darí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Akitiyan rẹ̀ ló bí ìrìn àjò Odò Ọya ti 1841, èyí tí Àjàyí Crowther bá wọn lọ. Buxton kú ní 1845, wọ́n sì sin ín sínú àwókù ṣọ́ọ̀ṣì Overstrand.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ ojú irin láti Liverpool Street dé Norwich kò ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ, wọn kì í sì í ti ìlẹ̀kùn ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wọ̀nyí lọ́sàn-án. Bí ẹ bá lọ, ẹ má ya ìta nìkan. Ẹ wọlé, ẹ ya òrùlé, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ ya ìsàlẹ̀ pákó, kí ẹ sì kọ orúkọ abúlé àti ọjọ́ sí fọ́tò yín.